Ta Ni Ó Rán Iṣẹ́ Yìí? Ìforúkọsílẹ̀ Nọ́ńbà Fóònù àti Àwọn Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí A Kò Béèrè Fún

Kí ìwé kíkọ tó tàn ká láàárín àwọn baba ńlá wa, àrokò ni wọ́n fi ń bá ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀. Ẹyọ owó méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹyọ owó mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni ń fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹfà àti fífà jọ ń dún bákan náà létí. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí nípa àrokò ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń gbé lọ. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ lè mọ ilé tí iṣẹ́ náà ti wá kí ó tó dáhùn. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí tí ń jẹ́ iṣẹ́ Aláàfin a máa fá apá kan orí wọn, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́. Ní Abomey, ọ̀pá ni ìránṣẹ́ ọba ń mú lọ́wọ́. Makpo ni àwọn Fọ̀n ń pè é. Àwọn Faransé sọ ọ́ ní récade láti inú ọ̀rọ̀ àwọn Potogí kan, recado, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a rán ni. Bí ọ̀pá náà bá ti dé, bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ni ó dé.

A fi èyí ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dun tọmọdé tàgbà ní Àjàṣẹ́ lónìí. Fóònù ń dún nínú àpò wa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹnì kan ní a ti jẹ ẹ̀bùn nínú ìdíje tí a kò bá wọn kópa nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí MoMo wa, kí a jọ̀wọ́ dá a padà. Ẹ̀kẹta fẹ́ kí a ra orin tí yóò máa dún létí ẹni tí ó bá pè wá. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè ra káàdì SIM, èyí tí a ń pè ní puce níhìn-ín, láì fi orúkọ àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé bí a bá ti mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àwọn oníjìbìtì yóò dákẹ́, ariwo yóò sì rọlẹ̀. Kí ló dé tí ariwo náà kò rọlẹ̀? Èrò tiwa ni pé ọ̀nà tí orúkọ náà ń gbà ni ó fa á. Nígbà àrokò, ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán iṣẹ́ sí ni àmì ẹni tí ó rán an ń lọ. Lónìí, ọ̀dọ̀ ìjọba àti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù ni orúkọ wa ń lọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ń dúró. Ẹni tí fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Irú àkójọ orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Ní ọdún 1899 ni ìjọba amúnisìn Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dahomey. Kí wọ́n tó lè gba owó orí, wọ́n ní láti mọ iye orí. Kí wọ́n tó mọ iye orí, wọ́n ní láti kọ agbo ilé sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ènìyàn yára mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Òpìtàn A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi hàn nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe kúrò ní apá tí Faransé ń ṣàkóso, tí wọ́n kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì, nítorí owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti fífi ipá kó ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ogun. Nígbà tí wọ́n fi kún owó orí ní 1923, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san án. Ìjọba kó ọmọ ogun wọ ìlú, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, ọmọ bíbí ìlú yìí, lọ sí ìgbèkùn ní Mauritania fún ọdún mẹ́wàá. A kò sọ pé ọ̀kan náà ni owó orí àti káàdì SIM. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí àgbàlagbà kan ní ìgboro wa bá bi ẹni tí ó ní kí ó fi orúkọ sílẹ̀ pé, «Kí ni ẹ fẹ́ fi í ṣe?», ìbéèrè rẹ̀ ní gbòǹgbò.

Fóònù àtijọ́, ti okùn, ní orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí OPT bá fa wáyà wọ ilé rẹ̀, a mọ ilé náà, a mọ olórí ilé, ìwé owó sì ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún 2000 ni fóònù alágbèéká GSM wọ Benin, pẹ̀lú Libercom tí í ṣe ti OPT, Telecel tí ó padà di Moov, àti Spacetel tí a mọ̀ lónìí sí MTN. Ìgbà náà ni ayé yí padà. Ohun tí ó mú kí fóònù dé ọwọ́ oníṣòwò kékeré, ọlọ́kadà àti akẹ́kọ̀ọ́ ni pé a ń san owó ṣáájú kí a tó sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ kò sì nílò láti mọ ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ ní gbèsè. Lábẹ́ agbòòrùn ní ẹ̀gbẹ́ títì ni a ti ń ra káàdì bí ẹni ra ìyọ̀. Kò sí ẹni tí ń béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ìjọba ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ náà nítòsí wa ni Nàìjíríà, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ààlà Sèmè àti Igolo, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Àjàṣẹ́ ló sì ń lo nọ́ńbà Èkó pẹ̀lú ti ibí. NCC, àjọ tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ fún nọ́ńbà tuntun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, wọ́n tẹ̀ síwájú sí ti àwọn tí ó ti ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Orúkọ, àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń gbà. Ọdún mẹ́rin kọjá, a sì rí i pé mílíọ̀nù nọ́ńbà ṣì ń ṣiṣẹ́ tí orúkọ wọn kò pé tàbí kò jẹ́ òótọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, NCC bu owó ìtanràn tírílíọ̀nù 1.04 náírà lé MTN lórí, ìyẹn 200,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn kò tíì pa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjíròrò, wọ́n dín in kù sí bílíọ̀nù 330 ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Nígbà tí Ààrẹ Jacob Zuma ti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí MTN ti wá, ṣe ìbẹ̀wò sí Abuja ní oṣù Kẹta ọdún náà, Ààrẹ Buhari sọ fún un pé irú nọ́ńbà aláìlórúkọ bẹ́ẹ̀ ni Boko Haram ń lò láti pa ènìyàn. Ẹ kíyè sí i: ogun àti ìjínigbé ni wọ́n fi ṣàlàyé òfin náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba Nàìjíríà tún pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà fóònù kọ̀ọ̀kan mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ènìyàn, ní àkókò àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, èrò sì ya bo àwọn ọ́fíìsì NIMC láti ìdájí. Wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, wọ́n tún sún un. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ẹnu nọ́ńbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 70 kí wọ́n má lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna. Àwọn ajínigbé náà sì fi fóònù pe àwọn ẹbí láti dúnàádúrà owó ìtúsílẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló ń bi mínísítà ohun tí ìforúkọsílẹ̀ náà ń ṣe. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni ọjọ́ ìkẹyìn gan-an wá jẹ́, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ní tiwa ní Benin, ọ̀nà tó yàtọ̀ díẹ̀ ni a gbà. Ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ mọ ènìyàn kí ó tó mọ nọ́ńbà. Òfin ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2017 dá ètò ìdánimọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún náà títí di òpin oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn òṣìṣẹ́ RAVIP rìn kárí àdúgbò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Inú iṣẹ́ yẹn ni àkójọ tí ANIP ń tọ́jú lónìí ti wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ńlá tí a ń pè ní Code du numérique, tí ó kó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà àti ààbò orúkọ ẹni sínú ìwé kan ṣoṣo. ARCEP ni ó ń rí sí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù mọ àwọn oníbàárà wọn.

Àwa tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣòro kan lọ́dọọdún tí ó lè ṣàlàyé ibi tí bàtà ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Bí a bá ṣí ìwé orúkọ kíláàsì, a ó rí Adéchina níbi tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Badagry ń kọ Adeshina. A ó rí Babatoundé, Olatoundji, tí Babatunde àti Olatunji jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Orúkọ kan náà ni. Akọ̀wé ìjọba Faransé ló kọ tibí, akọ̀wé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ tọ̀hún, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó bìkítà fún àmì ohùn. Ènìyàn mọ̀ pé ẹbí kan ni wọ́n. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Àwọn àgbàlagbà kan tún wà tí ìwé wọn kò ní ọjọ́ ìbí ju pé «né vers 1950», tàbí tí ilé-ẹjọ́ ló kọ ìwé ìbí fún wọn nígbà tí wọ́n ti di bàbá ọmọ. Bí ìwé wọn kò bá bára mu, ọmọ wọn ni yóò fi orúkọ tirẹ̀ gba nọ́ńbà fún wọn. Ìyá àgbà a máa lo nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti ọmọ lójú òfin, owó ọjà rẹ̀ sì wà nínú MoMo nọ́ńbà náà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ẹ̀rọ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí. Àwa gbà pé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni láti rò pé ẹni tí ń yọ wá lẹ́nu jẹ́ ẹni tí ń fara pamọ́. Nínú ìtàn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀ránṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ sí irú èyí, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà: Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, kọ̀wé sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET láti polówó kọ̀ǹpútà tuntun. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò sí ohun tí ó fi pamọ́. Títí di òní, apá tí ó pọ̀ nínú ohun tí ń wọ fóònù wa jẹ́ ti àwọn tí gbogbo ayé mọ̀: ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra wọn, ilé tẹ́tẹ́, ilé ìtajà. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í lo káàdì SIM rárá. Ó ń bá alágbàtà ṣe àdéhùn, ọ̀rọ̀ náà ń gba inú kọ̀ǹpútà wọlé, orúkọ ọjà ni ó sì ń hàn níbi tí nọ́ńbà ìbá ti hàn. Kí gbogbo Àjàṣẹ́ tẹ̀ka tán, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa dé.

Àwọn oníjìbìtì gidi ńkọ́, àwọn tí a ń pè ní gayman níhìn-ín? Wọ́n ń fara pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn ni. Aṣojú tí ń ta káàdì ní ẹ̀gbẹ́ títì ń gba owó lórí iye nọ́ńbà tí ó bá ṣí, kì í ṣe lórí òótọ́ orúkọ tí ó kọ. Nítorí náà, ó rọrùn láti fi ìwé oníbàárà kan ṣí nọ́ńbà méjì, kí a fún un ní ọ̀kan, kí a sì ta èkejì ní iye tí ó ga. Nàìjíríà ní orúkọ fún irú káàdì bẹ́ẹ̀, káàdì tí a ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, òfin sì kọ̀ ọ́. Irú káàdì wọ̀nyí ni ó ń kún inú ẹ̀rọ tí a ń pè ní simbox, èyí tí ń sọ ìpè láti òkè òkun di ìpè ilé. Nígbà tí ọlọ́pàá bá tọ orúkọ náà lọ, wọ́n lè bá ìyá aláta tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi fóònù lásán sílẹ̀, WhatsApp ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tí wọn kò dé rí.

Ìlú mìíràn ti tọ́ irú rẹ̀ wò. Ní Fílípínì, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìforúkọsílẹ̀ SIM ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ jìbìtì ní pàtàkì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀lé e, níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àwọn òtẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ròyìn pé àwọn fi àwòrán ojú ọ̀bọ dán ètò náà wò, ètò náà sì gbà á. Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2009, wọ́n sì pa á rẹ́ kí ó tó pé ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn tí ìròyìn gbòde pé wọ́n ń ta àkójọ orúkọ náà ní ọjà. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú ní 2021, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé e ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di òní, ẹni tí ó bá fẹ́ ra SIM ìsanwó-ṣáájú lè rà á láì sọ orúkọ.

Ṣé àǹfààní kò wá sí nínú ìforúkọsílẹ̀ ni? Ó wà, àwa kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Owó wa ti wà nínú fóònù báyìí. Bí a bá lu ènìyàn ní jìbìtì, tí owó náà sì gba orí nọ́ńbà kan kọjá, adájọ́ ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá sọnù lè fi ìwé rẹ̀ gba nọ́ńbà náà padà pẹ̀lú owó inú rẹ̀. Bí a ti ń sọ pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àwọn kan wà tí ìjánu náà dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni gbogbo èyí wúlò. Kò dá àtẹ̀jíṣẹ́ kan dúró kí ó tó dé.

Ohun tí ó lè dá a dúró ni kí ẹni tí a ń ránṣẹ́ sí ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà. NCC ní Nàìjíríà ṣí ọ̀nà kan fún èyí ní 2016: ẹni tí ó bá kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442 ti sọ pé òun kò fẹ́ ìpolówó mọ́, ó sì di dandan fún ilé-iṣẹ́ fóònù láti gbọ́. Àwọn kan ṣì ń ráhùn pé ìpolówó ń yọ́ wọlé, ṣùgbọ́n ó kéré tán, olùgbà ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀, láì fi ìtẹ̀ka kankan kún un. Ní ọ̀dọ̀ wa, Code du numérique kọ̀ ọ́ pé kí a fi ìpolówó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a má lo orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ fún òwò. Àjọ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ yìí ni APDP, tí òfin ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009 ti gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ó ti wà ṣáájú RAVIP, ó ti wà ṣáájú Code fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdánwò baccalauréat, gbogbo wọn ló mọ ohun tí ANIP ń ṣe, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ APDP rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan yọ nọ́ńbà òun kúrò nínú àkójọ ìpolówó yóò kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà ní àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, yóò kọ òmíràn sí APDP ní Cotonou, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà ti ìṣáájú, nọ́ńbà tirẹ̀, àti ọjọ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé.